Àmù tí ọmọ mi fi gbin òdòdó

Ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Ugbolokposo a máa rùn fún kẹrosíìnì, èédú àti amọ̀ tútù. Bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, ọkàn mi á balẹ̀. Ìwọ náà tó ti pẹ́ ní Warri, o mọ̀ pé òjò ibí kì í rọ̀, ìjà ló máa ń bá wa jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kó nǹkan sí igun yẹn lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀: àtùpà méjì tí mo ti nu gíláàsì wọn, èédú nínú ọ̀rá, ìṣáná nínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí, gàrí, àti kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin. Láàárín gbogbo wọn ni àmù ìyàwó mi wà, àmù ńlá tó gbé lé itan láti Ọ̀yọ́ dé ibí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Orí iyanrìn tútù ló ń jókòó sí, omi inú rẹ̀ sì lè mú kí eyín èèyàn ta kìjí.

Ìṣó ni mò ń tà lọ́jà Okere, ìṣó, òòlù àti àgádágodo. Mi ò kàwé kọjá ìwé kẹrin, ṣùgbọ́n òjò kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Àkọ́bí mi ọkùnrin ló kàwé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Jakpa, ó ń ta iná tó ń gba ṣáájì, fáànù tó ń gba ṣáájì, àti bátìrì tó tóbi tó ọmọ ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kan ló wá kí wa, ó wo igun mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mo fẹ́ dáná sun ilé. Kí n tó ti mọ́sáláṣí dé, ó ti da kẹrosíìnì mi nù, ó ti kó àtùpà méjèèjì fún àwọn tó ń ra irin pàǹtí, ó sì ti gbé àmù lọ. Òdòdó ló lọ gbìn sínú rẹ̀, ó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo pè é lórí fóònù, mo bú u bí ó ti yẹ kí bàbá bú ọmọ. "Papa, na fine pot," ló dá mi lóhùn, "customers dey like am." Ìyàwó mi ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé fíríìjì ti tó òun. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn, nínú ilé tí mo fi ọwọ́ mi kọ́.

Nígbà tó gbé ọ̀kan nínú àwọn bátìrì rẹ̀ wá sílé wa, mo ní kó má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní lọ́dún tí a kó débí, omi wọ pálọ̀ yìí dé orúnkún. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀! Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ẹnu mi kì í jẹ́ kí òótọ́ dá rìn, kí nǹkan má baà ṣe é lọ́nà. Mo fi kún un pé ẹja àrọ̀ kan wẹ̀ kọjá lábẹ́ àga, ó há adìẹ funfun wa sẹ́nu, adìẹ náà sì ń wò mí bí ẹni pé kí n bá òun sanwó ọkọ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Papa and im fish," ló wí. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ló gbé bátìrì rẹ̀ sí.

Wọ́n ti mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta kí òjò yẹn tó dé, bátìrì ló ń gbé fíríìjì ró. Kì í ṣe tìtorí ọbẹ̀ o. Àtọ̀gbẹ ń ṣe ìyàwó mi, oògùn tó ń gún sí ikùn lójoojúmọ́ ló wà níbẹ̀, ìgò méjì péré tó kù, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé ooru ń ba oògùn náà jẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná, ó gbé e lọ. Wọ́n ní àwọn ará Sapele rí i, ó ṣì ń fò lọ. Igi máńgò wó lu òpó iná àdúgbò, omi sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí àlejò tó mọ̀nà. Orúnkún ló dé. Bátìrì tó tóbi tó ọmọ ewúrẹ́ náà ké lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú fíríìjì gbóná ju ìta lọ. Ìyàwó mi fi ìró tútù wé ìgò méjèèjì, ó gbá wọn mọ́ àyà. "Bàbá àwọn ọmọ," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "wọ́n ti ń gbóná o." Inú òkùnkùn ni kẹ́míìsì àdúgbò wà bíi tiwa. Aládùúgbò wa pe àwọn oníná, wọ́n ní ká ṣe sùúrù, àwọn á wá wò ó. Sùúrù! Ta ló fi sùúrù mú oògùn tutù rí? Ìgbà náà ni mo rántí pé nọ́ọ̀sì yẹn ti sọ pé níbi tí kò bá sí iná, ká gbé oògùn náà sínú ìkòkò amọ̀, ká fi iyanrìn tútù yí i ká.

Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo wọ inú omi títí mo fi rí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo dé Jakpa, ṣọ́ọ̀bù tó ń ta iná, òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀, ọmọ mi ń fi àkísà gbẹ omi. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo fa òdòdó tu tegbòtegbò, mo da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sójú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

"Papa, wetin be this?"

"Ìyá rẹ fẹ́ lo àmù rẹ̀," mo ní. "Omi dé orúnkún. Bátìrì rẹ ti kú, oògùn rẹ̀ ti ń gbóná."

Ó ń wo ojú mi, mo sì mọ ohun tó ń wá níbẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé Pidgin ló máa ń fi dá mi lóhùn láti kékeré fi Yorùbá bi mí léèrè pé, "Ẹja ńkọ́?"

"Kò sí ẹja."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ru àmù náà lórí lọ bá kẹ̀kẹ́. Oníkẹ̀kẹ́ bi í bóyá ọbẹ̀ ìgbéyàwó ló fẹ́ lọ sè, ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, òun ló fọ̀ ọ́, òun ló bu iyanrìn tútù yí i ká, ó gbé oògùn sínú agolo, ó gbé agolo sínú àmù, ó fi àpò tútù bò ó lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi sí iná. Láràárọ̀ ni ìyàwó mi ń fi ìgò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, á ní ó tutù, èmi náà á wá mí kanlẹ̀. Òun ló ń pariwo pè mí yìí pé kí n wá jẹun.

Inú ṣì ń bí mi. Àtùpà mi dà? Ta ló sọ pé ohun tó ti pẹ́ kò wúlò mọ́? Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù, mi ò lè bú ẹnikẹ́ni sí i: mo gbé òótọ́ fún ọmọ mi, èmi náà ni mo fi ẹja bò ó mọ́lẹ̀. Mo mú ìṣó kan nínú ọjà mi, mo kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ níbi tí omi dé. Nísinsìnyí, bí òjò bá ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi á gbé èédú àti àtùpà tó fi owó ara rẹ̀ rà wá, á kọ́kọ́ wo ìṣó kó tó gbé ohunkóhun kalẹ̀. Èmi kì í bu ẹja kún un mọ́. Ẹja àrọ̀ náà ṣì wà o, àti adìẹ funfun ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kó wọn lọ sínú ìtàn mìíràn, níbi tí wọn ò ti ní pa ìyàwó ẹnikẹ́ni.