Àyè Orrin Nínú Ilé Onítáyà

Láti òwúrọ̀ ni ọwọ́ ti ń ro Marva Tollefsen. Atẹ́gùn Wyoming kì í fẹ́ni lásán, ṣe ló ń tini. Ó ń ti jíìpù aláwọ̀ eérú tó ń wà, ó sì ń ti ilé onítáyà kékeré tí jíìpù ń fà, èyí tí òun àti Orrin ọkọ rẹ̀ máa ń fà lọ sí aṣálẹ̀ Arizona lọ́dọọdún kí yìnyín tó bo South Dakota. Nígbà ayé Orrin, òun ni í wakọ̀. Iṣẹ́ Marva ni kí ó bó ọsàn fún un, kí ó sì máa ka orúkọ ìlú tí wọ́n bá dé. Ìgbà ooru tó kọjá ni wọ́n sin Orrin.

Lyle ọmọ wọn ti rí ẹni tí yóò ra ilé onítáyà náà. Marva ni ó bẹ̀ ẹ́ pé, “Fún mi láyè. Bí mo bá fà á dé aṣálẹ̀, mi ò tà. Bó bá dá mi padà lọ́nà, tà á, mi ò ní bá ọ jà.”

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ré wọn kọjá. Kíá, ìdí ilé onítáyà bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀, ó sì ń wọ́ jíìpù káàkiri. Ardis, ẹ̀gbọ́n Orrin obìnrin, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, di ilẹ̀kùn mú.

“Marva! Ṣé o fẹ́ lọ bá ọkọ ẹ ni? Èmi ò tíì ṣetán o!”

“Dákẹ́, Ardis.”

Marva rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, títí ìrù náà fi rọlẹ̀.

“Nígbà tí Orrin ń wà á, ṣe ni mo máa ń sùn,” ni Ardis wí.

“Mo mọ̀. O kì í jẹ́ ká gbọ́ rédíò.”

Wọ́n yà sí ilé epo. Marva gbé orí lé ọwọ́, ó sì mú fóònù.

“Mo fẹ́ pe Lyle. Kó máa tà á. Ó ti rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe ara nìkan.”

Ardis lọ mú búrẹ́dì nínú ilé onítáyà, ó sì kígbe láti ibẹ̀ pé, “Marva, wá ná! Kí ni gbogbo ìgò èso písì àti kùkúmbà tí mo rẹ ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn?”

“Ibẹ̀ ló láyè.”

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì iwájú ńkọ́?”

“Àyè Orrin nìyẹn.”

Ardis ṣí i. Àpótí irinṣẹ́ Orrin tó máa ń wà níbẹ̀, tí ọkùnrin méjì máa ń jọ gbé, ti lọ sílé Lyle. Ìbọ̀wọ́ Orrin nìkan ló kù, Marva ká a dáadáa lórí pákó tó ti gbá mọ́.

Kò sí ẹni tó ń fa ilé onítáyà tí kò mọ̀ pé iwájú ni ẹrù wíwúwo ń gbé, kí ìdí má baà jù. Marva náà mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà láti fi nǹkan kan síbẹ̀.

Ardis rọra gbé ìgò kan. “Àbúrò mi ò ní bínú. Ó kúkú fẹ́ràn kùkúmbà mi.”

“Kò fẹ́ràn ẹ̀ rí. Ó kàn ń rọ́jú jẹ ẹ́ ni.”

“Ẹ̀yin òpùrọ́ méjèèjì!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. Marva wọ ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n sì kó ìgò gbogbo wá síwájú.

Nígbà tí wọ́n padà sójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn ré wọn kọjá. Ilé onítáyà mì díẹ̀, ó sì dúró. Fóònù dún, Ardis gbé e.

“Ìyá ẹ ń wakọ̀, Lyle. Sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn kó wá òmíràn rà.”

Kò pẹ́ tí Ardis fi ń hanrun. Ọwọ́ ṣì ń ro Marva nínú ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù ú lọ, ọ̀nà sì ṣì jìn. Pátákó ìlú kan yọ níwájú. Ó ka orúkọ rẹ̀ sókè, ó sì ń wakọ̀ lọ.