Igi tí Ẹ̀gbọ́n máa ń kí

“Alàgbà, mo ń wọlé o.” Báyìí ni ẹ̀gbọ́n tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìkórè ìrẹsì ṣe ní Ìgándò, lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de ìrẹsì òkèèrè, ṣe máa ń kí ìtì igi kan kó tó wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Ìtì náà ló fi ń ti orí ẹ̀rọ, ibi gbọọrọ iwájú tó ń gé ìrẹsì, kó má baà já lé e.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ kan wá. Ọ̀pá tín-ínrín kan wà lábẹ́ orí rẹ̀ tó ń tọ́ ilẹ̀ wò: bí ilẹ̀ bá tì í sókè, orí á gbéra, bó bá rọ̀ sílẹ̀, orí á sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí òun wo ọ̀pá náà látabẹ́. Àfi gbì! Orí já lé ìtì. Mo sáré pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n ti há, kò lè gbé apá, ìtì sì ń rì sínú ẹrẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tan án padà, kó gbéra!”

“O fẹ́ pa mí ni? Ìpẹtà ti mú ọ̀pá yìí mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ sì rò pé òkè lorí òun ṣì wà. Fi òòlù lù ú, kó o fi wáyà so ó sókè ná, jàre!”

Mo lù ú títí ó fi mì, mo so ó sókè, mo tan ẹ́ńjìnnì. Orí gbéra.

Ẹ̀gbọ́n wọ́ jáde, ẹrẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó kọ́kọ́ fi nu ara igi.

“Alàgbà, mo ti jáde o.”