Sítáàṣì Tíṣà Ìlera

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé ojú ń ti olóògbé Tíṣà Ìlera láti dárúkọ ẹ̀yà ara èèyàn, pé ìdí nìyẹn tó fi fi sítáàṣì lẹ ojú ìwé mẹ́jọ pa nínú ìwé ìlera gbogbo ọmọ kíláàsì kẹfà. Irọ́ gbuu! Agbálẹ̀ ilé ìwé ló se sítáàṣì náà, òun ló sì mọ bó ṣe jẹ́.

Kí Tíṣà tó dé, ẹ̀kọ́ ìlera ò ju kọ́mọ na èékánná, kó la ẹnu, kó jókòó. Ọmọkùnrin tó bá béèrè ìdí tí ohùn òun fi ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, wọ́n á ní kó yé mu omi tútù.

Tíṣà gbé àwòrán ara èèyàn kọ́ sára ògiri. Alábẹ̀wò ilé ìwé dé, ó ní kí wọ́n wọ ṣòkòtò fún àwòrán náà. Tíṣà rán ṣòkòtò. Ó rán ti àwòrán egungun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà.

"Ẹ̀yin mà, kí ni egungun fẹ́ fi bò?" ni agbálẹ̀ bi í.

"Ojú alábẹ̀wò ni."

Kò pẹ́ tí lẹ́tà alábẹ̀wò fi dé: ojú ìwé mẹ́jọ tó sọ bí ọmọdé ṣe ń bàlágà yóò ba àwọn ọmọ jẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọ̀rọ̀ yìí dun agbálẹ̀. Òun náà ò kọjá ìwé mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, ó rò pé ikú dé, ló bá pín aṣọ rẹ̀ fún àwọn àbúrò. Títí dòní wọn ò dá a padà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá wà ní kíláàsì kẹfà yìí.

"Ṣé o ti sọ fún un?" ni Tíṣà bi í níbi tó ti ń ro sítáàṣì.

"Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mà. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní kó lọ fọ abọ́."

Tíṣà yọjú sínú ìkòkò. "Ó ti ki jù. Bomi sí i."

"Háà, kò ní lẹ̀ mọ́ o!"

"Mo ní bomi sí i."

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ tán, Tíṣà fajú ro níwájú kíláàsì: "Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé wọ̀nyí, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni!" Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, àwọn tí kì í ka orúkọ ara wọn tán ti ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀mejì.

Lóṣù kejì, ọmọ agbálẹ̀ ti balùwẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. "Màámi, ó ti dé. Ẹ fọkàn balẹ̀." Kò pín aṣọ kankan fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ló bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, alábẹ̀wò yẹn kan náà tún dé, ó ní gbogbo rẹ̀ ni kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Ó wá rí àwọn ìwé àtijọ́ tí àmì sítáàṣì ṣì wà lára wọn. "Òmùgọ̀ wo ló ní kẹ́ ẹ lẹ èyí pa?" Tíṣà rọra na lẹ́tà tí alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ kọ nígbà yẹn sí i. Ó wo ìsàlẹ̀ ibi tó fọwọ́ sí, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Nígbà tí Tíṣà dùbúlẹ̀ àìsàn, agbálẹ̀ a máa lọ yí ìrọ̀rí rẹ̀ padà, a sì máa gbé ìròyìn ilé ìwé lọ fún un. Lọ́jọ́ kan ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́: alábẹ̀wò tuntun ti kọ lẹ́tà, ó tún ní kí wọ́n lẹ ojú ìwé wọ̀nyẹn pa.

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Ó di ọwọ́ agbálẹ̀ mú.

"Ìkòkò yẹn ṣì wà?"

"Ó wà, mà."

"Ó dáa. Bomi sí i."