Verna Sandquist, Obìnrin Tó Jí Rédíò Onígbàjámọ̀ Dìde

Àbúrò ìyá mi ni Verna Sandquist. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tó ń ṣe gílóòbù oní-dígí tó máa ń wà nínú rédíò ayé ìgbà yẹn nílùú wa, láàárín àwọn òkè Pennsylvania, tó ń fi ẹ̀mú to wáyà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rò pé ó mọ ohun tí wáyà yẹn ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní 1934, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Oren Tuttle, onígbàjámọ̀ wa, láti pe bàbá rẹ̀ wá jẹun nílé. Èrò kún ibẹ̀, wọ́n ń gbọ́ àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù. Àfi gbì! Rédíò dákẹ́. Oren bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn.

"Ẹ yé nà án, Ọ̀gbẹ́ni Tuttle, kò ṣẹ̀ yín," Verna ní.

"Ṣé ẹ fẹ́ bá mi fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ ni, Omidan Sandquist?"

"Ẹ̀yin lẹ lọ́ṣẹ níbí. Ẹ yà lọ́nà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Verna yọ wáyà iná, ó ṣí ẹ̀yìn rédíò.

"Ẹ wo orí gílóòbù yìí. Ó yẹ kó máa dán bíi dígí tí ẹ fi ń wojú, ó ti funfun bíi wàrà. Afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ lásán?" Oren béèrè.

"Ẹ gbọ́. Wáyà inú ẹ̀ máa ń gbóná títí èérún iná á fi máa fò kúrò lára ẹ̀ lọ bá àwo irin tó yí i ká. Asẹ́ kan wà láàárín wọn. Ohùn tín-ń-tín tó ń bọ̀ látòkèèrè ló ń ṣí asẹ́ yẹn, tó sì ń tì í. Bí ohùn kékeré ṣe ń di ńlá nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló máa ń dí èérún yẹn lọ́nà."

"Ta ló kọ́ ẹ?" bàbá rẹ̀ béèrè.

"Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lójú mi bí ẹni pé àga ni mí, Bàbá."

Ó sáré lọ sílé, ó yọ gílóòbù ti rédíò tiẹ̀ wá, ó fi í sínú ti Oren, ó sì ki wáyà iná padà. Wọ́n dúró kó gbóná, ó pọ́n wẹ́rẹ́, ohùn sì bú jáde. Ariwo ayọ̀ gba ìgboro!

Nígbà tó fi máa di ìgbà ìrúwé, Verna ti ní tábìlì tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Oren, àwọn ará òkè ń gbé rédíò wá bá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Oren ní kó fẹ́ òun kó tó gbà. Verna ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, rédíò ń pariwo, òun ò gbọ́.