Ẹja Ọmọpẹ́

Ẹ̀rín ni wọ́n fi Àjàmú àbúrò mi rín nígbà tí òun àti Damaris ìyàwó rẹ̀ ti Àbíjáàn dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa gbé kẹ̀kẹ́ àti giramafóònù wálé, òun gbé ẹja kan ṣoṣo dé nínú àpótí onígíláàsì. Inú bí èmi náà. Mo ní, "Àjàmú, ẹja tí a ò níí sè?" Ó rọra gbé àpótí náà wọlé.

Ẹja òkun ni, pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó pọ́n bí ìyeyè, ilà dúdú kan gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹja labalábá ni wọ́n ń pè é. Òyìnbó tí Àjàmú ń se oúnjẹ fún ló ni ín. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílùú rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún Ọmọpẹ́, ọmọ Àjàmú, nítorí ọmọ náà ló máa ń fún un ní edé lílọ̀ jẹ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà gbé Ọmọpẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn ará Ẹ̀jìgbò tó wà l'Ábíjáàn ló gbé òkú lọ sin, wọ́n ti Damaris ìyá ọmọ mọ́ yàrá. Láti ìgbà náà, ìyàwó wa kò sunkún, kò sì jẹun bí ènìyàn. Ẹja yẹn nìkan ló ń gbé e dìde lórí ẹní. Àjàmú sọ ọ́ fún mi pé bí ẹja náà bá kú, òun ò mọ ohun tí yóò mú ìyàwó òun dìde mọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé e lé itan nínú lọ́rì, tó ń pààrọ̀ omi rẹ̀ níbi gbogbo tí ọ̀nà bá ti sún mọ́ etíkun, títí tó fi dé Èkó, tó pọn omi òkun sí garawa wálé. Ó ní omi odò yóò pa á. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á máa fi igbá bu omi náà sókè, á máa dà á padà kí atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ dé. Omi ń fà, èyí tó kù ń dọ̀tí, ẹja wá gbé ẹnu sókè, ó ń mí gúlegúle. Àjàmú sá lọ bẹ Mùíbì awakọ̀ kó bá òun pọn omi òkun bọ̀ láti Èkó. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì: ta ló ń ránni lómi l'Ékòó nígbà tí kànga wà nílé? Mo bú wọn dáadáa. Ọ̀ràn tí kò kàn wọ́n, ẹnu ló ń yún wọn. Àmọ́ lọ́rì Mùíbì bàjẹ́ lọ́nà, a retí retí, kò dé. Àjàmú ò lọ oko mọ́. Damaris jókòó ti gíláàsì, ó ń pe ẹja lórúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni.

Ìyá wa kò sí nílé ní gbogbo àkókò yìí, wọ́n wà ní ìlú Ara, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣàìsàn. Ọ̀sán ọjọ́ tí Mùíbì dé ni Ìyá wa náà dé. Èmi àti Àjàmú ti sáré lọ gáréèjì lọ ru omi, oorun sì ti gbé Damaris lọ ní yàrá. Nígbà tí a wọlé, Ìyá jókòó ti àpótí, igbá wà lọ́wọ́ wọn. Omi ti kún dé ẹnu gíláàsì.

"Àjàmú," wọ́n ní, "òùngbẹ ń gbẹ àlejò rẹ. Ẹnu ló là sílẹ̀ tí mo bá a. Ṣé ẹ ò fún un lómi látìgbà tó ti dé ni? Mo bu omi tútù inú àmù fún un."

Ta ni yóò gba àlejò láìfún un lómi? Wọn ò mọ̀. Síbẹ̀ mo la ẹnu láti pariwo, Àjàmú dì mí lápá mú. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

Lẹ́yìn náà ló gbọ́n omi àmù dànù, ó da omi òkun sí i, ó ń bù ú sókè, ó ń dà á padà, ó ń bù ú, ó ń dà á. Ẹja ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ariwo omi ló jí Damaris. Ó jáde, ó wò ó. Mo sún mọ́ ọn kó má baà ṣubú. Àjàmú ní kó padà sí yàrá, pé òun yóò gbé ẹja náà lọ sin sẹ́yìnkùlé.

"Rárá," ló ní. "Ẹ ti tì mí mọ́lé lẹ́ẹ̀kan." Ó kọjú sí mi. "Ọkọ mi, ẹ bá mi mú ọkọ́ wá."

Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ó jìn ju ti ẹja lọ, ó gùn ju ti ẹja lọ. Nígbà tó bò ó tán, ó tẹ́ ọwọ́ lé erùpẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àjàmú fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ní kó fi í sílẹ̀.