Orúkọ Kálukú

"Kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?" Ìbéèrè tí ọ̀gá mi obìnrin máa ń béèrè nìyẹn nípa ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Nínú yàrá kan ní Festac la ti ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ṣí páìpù epo. Àwọn tó lè ṣí páìpù ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn tó kàn ń wo iye epo ní tiwọn, kálukú sì ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀.

Máníjà ibùdó epo kan ní Satellite Town, tó gbé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà fún wa, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lo orúkọ kan ṣoṣo.

Ọ̀gá mi bi í pé, "Bí epo bá dà nù, ta lẹ máa mú?"

"Ẹni tó bá wà nítòsí."

Ọ̀gá mi pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé. "Ẹ̀rọ tí wọ́n á fi lé aláìṣẹ̀ kúrò níṣẹ́ kò ní tọwọ́ mi jáde, sà."

"Mo máa gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn."

"Ẹ gbé e lọ, sà."

Ẹ̀rù bà mí, torí iṣẹ́ yẹn nìkan la ní. Máníjà gbé e lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ láti fọwọ́ kan ẹ̀rọ olórúkọ kan ṣoṣo tí ẹlòmíràn ṣe, wọ́n ní àwọn ò ní ru ẹ̀bi ara àwọn. Máníjà padà wá, ó ní ká kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí tòun sì wà nínú gbogbo ẹgbẹ́.

"Ẹ kì í ṣí páìpù, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wò nìkan ni tiyín, sà," ọ̀gá mi dáhùn, ó sì ń tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.