Ẹ̀ẹ̀kan Ni Wọ́n Gún Ọ̀gá Mi Lọ́rùn, Ẹ̀ẹ̀márùn-ún Ni Mo Kọ

Yéè! Bàbá Morẹ́nikẹ́, ọ̀gá mi, ẹ ti lọ. Ó wá dìgbà kan ná o.

Àwọn ẹlòmíràn yóò fi omijé kọ tiwọn sínú ìwé ìsìnkú yín yìí. Èmi, ìríra ni mo fi ń kọ tèmi, kì í sì í ṣe ikú ló ń rí mi lára. Màmá Morẹ́nikẹ́, aya yín, ló ní kí n kọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an, kí n má fi ohunkóhun pamọ́ nítorí pé òkú ni a ń sin.

Èmi ni Rájí, akọ̀wé tó ń kọ bíìlì ní ilé ìwòsàn aládàáni tí ẹ̀yin náà ti ṣiṣẹ́ títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni a jọ jókòó nínú yàrá kótópó kan. Ohunkóhun tí dókítà bá ṣe sí ara aláìsàn, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìwé ńlá kan, èyí tí à ń pè ní kóòdù. A óò kọ kóòdù náà, a óò sì kọ iye owó síwájú rẹ̀. Kánúlà ńlá tí wọ́n ń tì bọ iṣan ọrùn ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́, kí oògùn lè tètè ráyè wọlé, ló wọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Ibẹ̀ ni ìwà yín ti ń hàn. Ẹ kì í kọ kóòdù kánúlà láìdé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ẹ óò wọ sálúbàtà yín, ẹ óò fi bírò há etí, ẹ óò rọra gun àtẹ̀gùn lọ. Ẹ óò kí aláìsàn, ìbáà ti dákú, ẹ óò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó wo ọrùn rẹ̀. “Rájí, ara aláìsàn ni ìwé àkọ́kọ́,” bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń wí. “Bí dókítà bá wá iṣan títí kó tó rí i, iṣẹ́ kan ló ṣe. Aláìsàn ò ní sanwó ìwákúwàá.” Àwọn nọ́ọ̀sì sọ yín ní Bàbá Ẹ-Jẹ́-N-Wò-Ó, nítorí bíìlì yín a máa pẹ́ ju ti gbogbo ayé lọ. Ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò ní orúkọ yẹn ṣáà sàn ju olè lọ.

Bí ẹ ṣe fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá àgbà gbé ìlànà mìíràn dé. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu mọ́, kí n máa wo káàdì sítọ́ọ̀: iye páálí kánúlà tí wọ́n bá ṣí fún aláìsàn ni iye ìgbà tí wọ́n fi í sí i lára. Irọ́ gbáà! Dókítà lè ṣí páálí kan, kó rí i pé kánúlà inú rẹ̀ tóbi jù, kó sọ ọ́ nù. Òmíràn lè bọ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Síbẹ̀ mo gbà, nítorí iṣẹ́ ń yá, ọ̀gá sì ń yìn mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìkọkúkọ yẹn. Tùẹ̀! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tutọ́ sílẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n gbé yín wọlé lóṣù tó kọjá, tí èémí yín ń já, mo wá kí yín lọ́jọ́ kìíní. Ẹ kò dá mi mọ̀. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sunkún lórí tábìlì tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi kánúlà ńlá sí yín lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ dákẹ́. Wọ́n ní kí n kọ bíìlì. Ó yẹ kí n wá wò yín, ṣùgbọ́n mo ní ojú mi kò gbà á. Irú àánú rádaràda wo nìyẹn? Mo fa káàdì sítọ́ọ̀ yọ, mo rí páálí márùn-ún, mo sì kọ kóòdù kánúlà lẹ́ẹ̀márùn-ún sábẹ́ orúkọ yín. Mo lù ú lóǹtẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo lọ jẹun.

Owó náà ju agbára ìdílé yín lọ, ilé ìwòsàn kò sì yọ̀ǹda òkú yín. Ọjọ́ mẹ́fà ni ẹ fi wà ní mọ́ṣúárì bí ẹrù tí wọ́n fi dógò. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín ti dá owó díẹ̀ jọ, wọ́n tún fẹ́ lọ yá èyí tó kù kí ọ̀rọ̀ ṣáà lè parí, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀. Màmá fúnra wọn wá dúró níwájú fèrèsé mi. “Rájí, ojú kan ni wọ́n ti gún bàbá ẹ lọ́rùn. Èmi ni mò ń nu ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀. Mẹ́rin tó kù dà? Mo máa san gbèsè ọkọ mi o. Irọ́ tí wọ́n kọ mọ́ ọn lára ni mi ò ní san.” Mo nawọ́ sí ọ̀gá àgbà tó dúró lẹ́yìn mi. Ọ̀gá ní páálí márùn-ún ni wọ́n ṣí, pé páálí kì í parọ́. Màmá kò tilẹ̀ wo ọ̀gá. Èmi ni wọ́n ń wò.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo gba mọ́ṣúárì lọ lọ́sàn-án gangan, mo bẹ olùtọ́jú ibẹ̀, ó sì ká aṣọ kúrò lára yín. Mo wo ọrùn yín lápá ọ̀tún, mo wò ó lápá òsì. Ojú kan péré ni. Mo bì sẹ́nu ọ̀nà. Olùtọ́jú rò pé òórùn ibẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń rùn sí ara mi.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo fa bíìlì àkọ́kọ́ ya, mo táípù òmíràn: kánúlà ọrùn, ẹ̀ẹ̀kan. Mo fọwọ́ sí i, mo lù ú lóǹtẹ̀, mo gbé e fún Màmá. Káṣíà wa kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè, bíìlì tó bá ti ní òǹtẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Owó tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti dá jọ tó o, káṣíà sì já rìsíìtì fún wọn. Kí ọ̀gá àgbà tó gbọ́, ọkọ̀ tí Morẹ́nikẹ́ to ìlà epo ọjọ́ méjì fún ti gbé yín kọjá Ẹnúwá láàárín ìlú. Ọ̀gá ní kí n kó ẹrù mi, mo sì ti kó o. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má kí mi kú akin. Ẹni tó dá iná sí oko olóko, tó wá bu omi sí i, kì í ṣe akíkanjú.

Èyí tó ń kó mi nírìíra jù ni pé, ọ̀gá mi, nínú ọdún mẹ́rin yẹn, ọrùn yín nìkan ni mo wò. Àwọn yòókù ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ di ìwé yìí mú, bí ẹ bá ti ta ilẹ̀ tàbí fi oko kòkó dúró nítorí bíìlì kánúlà tó wá láti ọ́fíìsì wa, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Òkèrèwè ni ilé wa. Ẹ mú bíìlì yín wá. N óò bá yín lọ síwájú ẹnikẹ́ni, n óò sì jẹ́rìí pé n kò wo ara èèyàn yín kí n tó kọ ọ́.

Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ sùn re o, ọ̀gá mi, ẹ sùn re.

Rájí, ọmọṣẹ́ yín.